Síídì Kẹta

Nínú ìjọ wa ní Pearland, lẹ́bàá Houston, ẹnikẹ́ni tó bá ti ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́, wọ́n ti sọ ọ́ di ẹni tó ń tún un ṣe nìyẹn. Àwòrán páìpù epo ni mo ń yà ní ọ́fíìsì kan ní Energy Corridor. Síbẹ̀, bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì bá kọ iṣẹ́, Lará ni. Bí fóònù ìyá àgbà kan bá ń dá sọ̀rọ̀, Lará náà ni. Màá kùn, màá kùn, màá sì tún lọ. Nítorí náà, nígbà tí Bọ̀dá Ọlákúnlé pè mí ní àárọ̀ Sátidé kan pé láptọ́ọ̀pù àwọn kò gba síídì, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n parọ́ pé mi ò sí nílé.

Ṣùgbọ́n Bọ̀dá Ọlákúnlé kì í yọ èèyàn lẹ́nu. Ajórin ni wọ́n ní Pasadena, ní àwọn ilé iṣẹ́ ìfọpo tó wà létí omi níbi tí ọkọ̀ òkun ń gbà kọjá, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń gba freeway lọ síbẹ̀ kí ojúmọ́ tó mọ́. Bí mọ́tò wọn bá bàjẹ́, abẹ́ rẹ̀ lẹ máa bá wọn. Lọ́dún tí omíyalé wọ ilé wọn, wọ́n ti ká kápẹ́ẹ̀tì jáde tán kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbọ́. Kódà, inú bí mi nígbà yẹn. Èèyàn wo ni kì í jẹ́ ká bá òun kẹ́dùn?

"Lará, ṣé o busy ni?" Ohùn wọn kò rí bí ohùn wọn.

"Bọ̀dá, kí ló ṣẹlẹ̀, sà?"

"Please, máa bọ̀. Mo gbọ́dọ̀ wo nǹkan kan kó tó di Monday."

Mo gbéra. Sístà Mojọlá, ìyàwó wọn, ti lọ síbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Medical Center. Bọ̀dá Ọlákúnlé nìkan ló jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ, láptọ́ọ̀pù kan wà níwájú wọn tó nípọn bí Bíbélì orí pẹpẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rá dúdú kan wà, síídì mẹ́ta sì wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan ti fi báírò kọ ọ́ sórí wọn: ÌṢÍLÉ MÀMÁ, kìíní, ìkejì, ìkẹta.

Wọ́n ṣàlàyé fún mi. Ọdún méjìlá sẹ́yìn ni wọ́n kọ́ ilé fún ìyá wọn ní Ìkirè. Ìwé ìgbélùú wọn nílẹ̀ Amẹ́ríkà kò tíì pé nígbà náà, wọn kò lè lọ ṣílé. Adédayọ̀ àbúrò wọn ló wá ẹni tó ya fídíò, tó fi síídì ránṣẹ́ sí wọn lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń bọ̀ ní Houston. Wọ́n fi síídì náà sínú ẹ̀rọ ara tẹlifíṣọ̀n, àwòrán náà funfun báláú, ó sì ń yí gbirigbiri. Ẹ̀rọ ìhín kò gbọ́ èdè síídì ọ̀hún. Wọ́n ní àwọn á wá ẹ̀rọ míràn, wọ́n tì í sínú dúróà. Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Màmá pè láti ilé pé ṣé ó ti wò ó.

"Mo ti wò ó, mà. Ó dùn mọ́ mi gan-an."

"O gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo sọ?"

"Mo gbọ́, mà. Ẹ ṣeun, mà."

Ẹ má tíì dá wọn lẹ́jọ́ o. Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn. Wọ́n lè fi ẹja ránṣẹ́ sí èmi náà láti ilé, màá ti ní ó dùn kí n tó tú ọ̀rá rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ọpẹ́ kì í dúró de ìtọ́wò. Ṣùgbọ́n irọ́ ìwà-ọmọlúwàbí náà irọ́ ni, bó bá sì ti lo ọ̀sẹ̀ kan, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í tini láti yí i padà. Ọ̀sẹ̀ di oṣù, oṣù di ọdún. Bọ̀dá Ọlákúnlé lọ sílé lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìyẹn. Wọ́n ní Màmá á kàn jókòó tì wọ́n, á máa wò wọ́n lójú bí ẹni tó ń retí nǹkan.

Ní ọjọ́ Fúráìdè, Adédayọ̀ pè. Màmá ti ṣubú, egungun ìbàdí wọn sì ti dá. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n. Wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn ní Ìbàdàn láàárọ̀ Mọ́ńdè, dókítà sì ti sọ pé pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Màmá wá sọ fún Adédayọ̀ pé: "Ọ̀rọ̀ tí mo bá Ọlákúnlé sọ nínú fídíò yẹn, kò dá mi lóhùn títí dòní. Mo ti gba kámú." Adédayọ̀ kò sì mọ ọ̀rọ̀ náà, torí Màmá ti lé gbogbo èèyàn jáde nínú yàrá lọ́jọ́ náà, ó ku àwọn àti ẹni tó ń ya fídíò.

Inú bí mi. "Bọ̀dá, ṣé ẹ ò kàn lè bi Màmá ni? Phone wà lọ́wọ́ yín!"

"Kí n bi wọ́n pé kí ni wọ́n sọ? Lẹ́yìn ọdún méjìlá tí mo ti ní mo gbọ́? Kí wọ́n wá gbé ìyẹn sọ́kàn wọ tíátà?"

Mo fa àga.

Bátìrì láptọ́ọ̀pù náà ti kú, orí wáyà ló ń gbé, ó sì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó lajú. Mo kì síídì kìíní bọ̀ ọ́. Ó kùn bíi pẹ́pẹ́yẹ tí nǹkan há lọ́fun, ó wá ní òun kò lè ṣí i. Nígbà tó wà ní titun, ó lè ṣí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Olúwapẹ̀lúmi, ọmọ wọn, ti fi ètò titun pààrọ̀ èyí tó wà nínú rẹ̀ kó tó kó lọ sí Dallas, ètò titun ọ̀hún kò sì bá ohun tó ń ṣí síídì wá. Mo gba ètò ọ̀fẹ́ kan sílẹ̀ láti orí ayélujára. Nígbà tí mo tún gbìyànjú, àwòrán yọ. Màmá rèé lẹ́nu ọ̀nà ilé tuntun, wọ́n ń jó díẹ̀díẹ̀. Bọ̀dá Ọlákúnlé rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ ká wò ó díẹ̀."

"Rárá, sà. Third one la fẹ́."

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Àtẹ tó gbé síídì kọ̀, kò jáde. Mo na wáyà kékeré tí wọ́n fi ń so bébà pọ̀, mo tì í bọ ihò bíńtín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó yọrí. Nígbà tí mo kì síídì kẹta bọ̀ ọ́, àwòrán fọ́ sí wẹ́wẹ́, ohùn sì pa. Ara síídì náà ti ha. Mo ní ká fi omi àti ọṣẹ abọ́ díẹ̀ nù ún. Kí n tó ṣẹ́jú, Bọ̀dá Ọlákúnlé ti mú aṣọ, wọ́n ti ń yí i po po po bí ẹni tó ń dán irin.

"Bọ̀dá! Ẹ dúró! Straight ni, láti àárín lọ sétí. Ẹ fẹ́ pa á ni?"

Wọ́n tọrọ gáfárà lọ́wọ́ mi bí ọmọ kékeré, ó sì dùn mí pé mo jágbe mọ́ wọn. A tún fi sínú rẹ̀, ó tún há. Mo wá rò pé bí a bá lè kọ́kọ́ da ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ sínú láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀, á lè ṣeé wò láìsí pé ó ń dúró de síídì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, ó dé ìdajì, ó dúró. A kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. A kàn jókòó tì í.

"Ìwé kékeré kọ́ ni mo mọ̀ o, Lará," ni Bọ̀dá Ọlákúnlé sọ lójijì. "Èmi ni mò ń gbé ipò kìíní. Form four ni mo wà tí Màámi yọ mí. Agbára wọn kò ká ọmọ méjì, Adédayọ̀ sì máa ń ṣàìsàn, kò lè ṣiṣẹ́ agbára. Wọ́n mú èmi lọ sọ́dọ̀ ajórin ní Gbọ̀ngán."

"Ṣé ó ṣì ń dùn yín ni, sà?"

"Ó ti pẹ́."

Mi ò bi wọ́n mọ́. Èèyàn tí nǹkan kò dùn kì í dáhùn báyẹn.

Nígbà tó yá, ó gbà á tán. Mo tẹ̀ ẹ́. Màmá jókòó sórí àga ike, wọ́n bi ẹni tó ń ya fídíò pé ṣé ó ti ń gbà á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí wa.

"Ọlákúnlé, ìyá rẹ nìyí. N kò lè sọ ọ́ lójú rẹ, ojú á tì mí. Mo yọ ọ́ kúrò nílé ìwé. Ìwọ lo mọ̀wé jù. Mo ní egungun rẹ le, wàá lè gbé e. O sì gbé e. Ìwọ lo kọ́ ilé yìí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti mú ọ lọ Gbọ̀ngán, o kò tọrọ nǹkankan lọ́wọ́ mi mọ́. Ìwọ lò ń fún mi ṣáá, bí ẹni ń ṣe àlejò. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi. Bí ó bá ti tán nínú rẹ, má wulẹ̀ rojọ́. Tọrọ nǹkan lọ́wọ́ mi, ìbáà ṣe iyọ̀. N óò mọ̀ pé o ti dárí jì mí."

Ojú fídíò ṣókùnkùn. Ó tán.

"Wọ́n máa ń bi mí," ni Bọ̀dá Ọlákúnlé wí. "Every Sunday. 'Kí ni kí n fi ránṣẹ́ sí ọ?' Mo máa ń ní kò sí nǹkankan, mà, everything wà ní Houston. Ọdún méjìlá, Lará. Ọdún méjìlá ni mo fi ń sọ fún ìyá mi pé mi ò dárí jì wọ́n."

Wọ́n sunkún. Èmi náà sunkún, mi ò sì ní purọ́ fún yín.

Ọ̀sán gangan ni lọ́dọ̀ wa, ìrọ̀lẹ́ ni ní Ìbàdàn. Wọ́n pe Adédayọ̀ lórí speaker, ó gbé fóònù sétí Màmá lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Wọ́n kí ara wọn. Màmá béèrè ìyàwó, wọ́n béèrè ọmọ. Mo rí i pé Bọ̀dá Ọlákúnlé ń wá ohun tí wọ́n máa tọrọ, wọn kò rí i. Èèyàn tí kò tọrọ nǹkan láti ogójì ọdún, ibo ló ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Mo ń fi ẹnu ṣe "iyọ̀, iyọ̀" sí wọn. Wọ́n mi orí.

"Màámi."

"Hẹ̀n?"

"Ebi ń pa mí."



"Ebi ń pa ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ti pẹ́ tó ti ń pa mí."

"Kí lo fẹ́ jẹ, ọkọ mi?"

"Dòdò, mà. Èyí tí ẹ máa ń dín fúnra yín."

A gbọ́ tí Màmá mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kígbe, ohùn wọn kò sì jọ ti ẹni tí egungun rẹ̀ dá rárá: "Adédayọ̀! Dìde ńlẹ̀ níbẹ̀. Lọ wá ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n wá."

"Màámi, Houston ni wọ́n wà."

"Mo mọ ibi tó wà! Mo ní kí o dìde. Ebi ń pa ọmọ mi."