Àárọ̀ Tí Kùrukùru Bo Ọkọ̀ Wa

Àga ni mò ń ṣe ní Kugbo, lẹ́bàá ọ̀nà Nyanya. Ìlú òkè ni wọ́n ti bí mi, lápá Ọ̀yọ́, níbi tó jẹ́ pé odò tó tóbi jù tí mo mọ̀ ní kékeré, ewúrẹ́ a máa fẹsẹ̀ là á kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. N kò mọ omi wẹ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo di ẹni tó ní ọkọ̀ ojú omi, ẹnu èmi gan-an ló kọ́kọ́ yà.

Oníbàárà mi kan, òyìnbó kan tó ń bá wọn kọ́ afárá, ló gbé ọkọ̀ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé kí n bá òun pààrọ̀ fóòmù àti awọ àwọn ìjókòó rẹ̀. Iṣẹ́ kò tíì parí tí wọ́n fi pè é padà sí ìlú rẹ̀. Ó ní bí mo bá fẹ́ ẹ, kí n mú un, ohun tó sì gbà lọ́wọ́ mi kò tó nǹkan. Ọkọ̀ kékeré ni, funfun, wọ́n fa ìlà búlúù sí i lára. Ẹ́ńjìnnì kan rọ̀ mọ́ ọn nídìí bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n. Mo ti fi ọwọ́ ara mi rán awọ ibẹ̀, mo ti mọ gbogbo igun rẹ̀. Mi ò lè wò ó kó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Mo fà á lọ sílé wa ní Orozo lórí kẹ̀kẹ́ onítáyà méjì tí wọ́n ń gbé e lé, mo gbé e sábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi pé, "Bàbá Nóà, ìgbà wo ni ìkún omi ń bọ̀?" Ìyàwó mi, tó jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, yí i po, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Daddy," ó ní, "ibo lẹ fẹ́ gbé e gbà? Ojú títì?"

Màmá, ìyá ìyàwó mi, kò sún mọ́ ọn. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé látìgbà tí ọkọ wọn ti kú. Ọmọ Ìlàjẹ ni wọ́n, inú ilé tí wọ́n fi òpó gbé dúró lórí omi ni wọ́n bí wọn sí. Wọ́n ti ń tu ọkọ̀ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n rìn dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin bá omi lọ, wọn kò sì rí òkú rẹ̀. Màmá fi orí omi sílẹ̀, wọn kò padà mọ́. Látìgbà tí ọkọ̀ mi ti dé, wọn kì í gba abẹ́ máńgòrò kọjá. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ sá aṣọ, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń gbà yí po.

Àfi ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo ti Kugbo dé, tí mo bá Màmá nínú ọkọ̀ náà. Wọ́n jókòó ti ẹ́ńjìnnì, wọ́n gbọ́wọ́ lé apá rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ta ló máa kọ́ ọ?" ni wọ́n bi mí.

"Mò ń wo fídíò lórí fóònù, mà."

"Fídíò." Wọ́n wo ojú mi títí. "Omi kò sí nínú fóònù, ọmọ mi. Ọjọ́ wo la máa lọ?"

Bí Màmá ṣe di olùkọ́ mi nìyẹn. Adágún tí a ń lọ wà lẹ́yìn Zuba. Odò ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó sé e. Òkè yí i ká, igi tí omi pa ṣì nàró ní apá kan rẹ̀ láìléwé, àwọn ẹyẹ funfun a sì máa bà lé wọn. Láti Orozo, a ó la ìlú já pátápátá kí a tó débẹ̀.

Ọjọ́ kìíní, ojú tì mí. Bí mo bá yí ọwọ́ mọ́tò sọ́tùn-ún láti fi ẹ̀yìn ti ọkọ̀ wọ omi, òsì ni kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń lọ. Nígbà tó wọ omi tán, a kò tíì jìnnà tí ẹsẹ̀ mi fi tutù. Ihò kan wà nísàlẹ̀ ìdí ọkọ̀, tí omi òjò ń gbà jáde nígbà tó bá wà nílẹ̀. Èèyàn gbọ́dọ̀ dí i kó tó wọ omi. Èmi kò dí i. Mo ń fi ìdérí kúlà gbọ́n omi bí ẹni tórí rẹ̀ dàrú, Màmá ká ẹsẹ̀ sókè, wọ́n ń wò mí. Wọ́n ní bí àwọn bá bá mi gbọ́n ọn, n kò ní rántí lọ́jọ́ mìíràn. Òótọ́ ni. N kò gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Mo kọ́ pé ọkọ̀ omi kò ní bíréèkì, pé ibi tí èèyàn bá ti rò pé òun fẹ́ dúró, ó ti pẹ́ jù láti dúró níbẹ̀. Mo kọ́ nípa okùn pupa tí awakọ̀ ń so mọ́ ọwọ́, tí ẹnu rẹ̀ kejì wà lára ẹ́ńjìnnì. Bó bá yọ, ẹ́ńjìnnì á kú, kí ọkọ̀ má baà sá lọ kó fi ẹni tó ṣubú sílẹ̀ sínú omi. Mo kọ́ pé bí èèyàn bá wà nínú omi nítòsí, a gbọ́dọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, nítorí irin tó ń yí lábẹ́ rẹ̀ kò mọ ẹran yàtọ̀ sí omi. Màmá ní kí n máa fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ ọ̀nà: bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún nígbà tí à ń lọ, òsì ló gbọ́dọ̀ máa fẹ́ sí nígbà tí à ń bọ̀.

Lọ́jọ́ kan, bí a ṣe ń fa ọkọ̀ gòkè, wọ́n fi ọ̀kan kún un.

"Bí wọ́n bá pè ọ́ lórí omi, má dáhùn títí wàá fi rí ojú ẹni tó ń pè ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni mo wí. Mo kà á sí ọ̀rọ̀ àgbà.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, ìyàwó mi tẹ̀ lé wa lọ ní àárọ̀ Sátidé kan. Òtútù pọ̀, ó ní òun kò wọ ọkọ̀. Ó tẹ́ ẹní sí èbúté, ó gbé fúláàsì tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí a máa lọ, kí a máa bọ̀. Èmi àti Màmá wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, a sì lọ. Atẹ́gùn rọra ń fẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ọ̀tún.

A ti dé àárín nígbà tí mo rí i tí òkè iwájú wa kò sí mọ́. Kùrukùru ń sọ̀ kalẹ̀ lára rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n tú sílẹ̀. Kí n tó yí ọkọ̀ padà, ó ti bò wá. N kò rí orí ọkọ̀ láti ìdí rẹ̀. Màmá, tó jókòó níwájú mi, di òjìji lásán.

"Pa á," ni wọ́n wí. "Ká gbọ́ bóyá ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀."

Mo fa okùn pupa yọ, ẹ́ńjìnnì kú. Gbogbo nǹkan dákẹ́. Àwọn ẹyẹ pàápàá dákẹ́. Omi kàn ń lá ara ọkọ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kan.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ tí wọ́n ń pè mí.

Kì í ṣe ariwo. Ẹni tó ń pè mí ń pè mí bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó mọ̀ pé mo wà nílé. Oríkì mi ló ń pè, oríkì tí ẹnikẹ́ni kò fi pè mí mọ́ láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Ohùn bàbá mi sì ni. Mo mọ bí ohùn wọn ṣe máa ń há díẹ̀ kí wọ́n tó pe ìparí rẹ̀. Ó há bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rù kò bà mí, ìyẹn ló burú níbẹ̀. Inú mi dùn. Mo ti la ẹnu láti dáhùn nígbà tí àtẹ́lẹwọ́ Màmá bò mí lẹ́nu. N kò mọ ìgbà tí wọ́n dìde. Ọwọ́ wọn tutù. Wọ́n mi orí sí mi. Omi ń dà lójú wọn, ṣùgbọ́n wọn kò mí kanlẹ̀.

Ohùn náà kúrò níwájú, ó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tún lọ sẹ́yìn. Ó ń yí wa ká láìsí ìró àjẹ̀, láìsí pé omi ru. Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ohun mìíràn láti ọ̀nà jíjìn: ìró ẹsẹ̀ ẹni tó ń wọ́ omi, ṣáá, ṣáá, bí ẹni tó ń lọ síbi tó jìn sí i.

Màmá yọwọ́ lẹ́nu mi. "Èbúté," ni wọ́n wí. "Yára!"

Mo fa okùn tí a fi ń tan ẹ́ńjìnnì. Kò dáhùn. Mo tún fà á, apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀. Òógùn bò mí nínú òtútù yẹn. Àfi bí mo ṣe rí okùn pupa tó ń mì dirodiro lọ́wọ́ mi. Mo tì í padà sójú ihò rẹ̀, mo fà, ẹ́ńjìnnì ké. Mo yí orí ọkọ̀ títí atẹ́gùn fi bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi òsì, mo sì rọra ń lọ nínú funfun yẹn, Màmá tẹ orí síwájú bí ẹni tó ń gbóòórùn ọ̀nà.

Kùrukùru já lójijì. Èbúté nìyẹn. Ẹní wà nílẹ̀, fúláàsì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bàtà ìyàwó mi wà létí omi, ó tò wọ́n pọ̀ dáadáa. Òun fúnra rẹ̀ wà nínú omi, omi ti dé àyà rẹ̀. Ó ń rìn. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ọmọ tó fẹ́ kí wọ́n gbé òun. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Màmá pariwo orúkọ rẹ̀. Kò wò wá. Ọkọ̀ ń pariwo bọ̀ lójú rẹ̀ kòrókòró, kò wò wá. Ibòmíràn ló ń wò, lápá òsì wa, níbi tí kùrukùru ṣì ki jù.

Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo jẹ́ kí ọkọ̀ máa sún lọ fúnra rẹ̀. Màmá kò dúró dè é. Wọ́n bẹ́ sínú omi tìrótìró, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, wọ́n wẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọ wọn, wọ́n sì gbá a lójú. Ìgbà náà ló tó wo Màmá. Ó wò wọ́n, ó tún wo apá ibi tó ń wò tẹ́lẹ̀, ó sì bú sẹ́kún.

Ọkùnrin Gbagyi kan, ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀, tó ń ṣọ́ èbúté, sáré ti inú ahéré rẹ̀ jáde, ó bá wa fà wọ́n gòkè. "Sànnu, sànnu," ló ń sọ ṣáá, ó ń kí wa pẹ̀lẹ́. Ó lọ mú bùláńkẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ wá. Kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju bó bá béèrè lọ.

A ti ń kọjá lọ́jà èso Zuba. Ìyàwó mi, tó ti wé bùláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ra lẹ́yìn mọ́tò, ló kọ́kọ́ lanu.

"Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń pè mí tẹ́ ẹ sì tún ń sún sẹ́yìn? Ẹ ní kí n máa bọ̀, pé omi ò jìn."

Màmá yíjú sí mi.

"Ìwọ ńkọ́? Ta lo gbọ́?"

"Bàbá mi ni, mà."

Wọ́n mi orí. "Ẹ̀gbọ́n mi lèmi gbọ́," ni wọ́n wí. Wọ́n wo ojú ọ̀nà títí a fi délé.

Lẹ́yìn náà, nígbà tó ku àwa méjèèjì, ìyàwó mi sọ fún mi pé ohun tó ń dun òun kì í ṣe ẹ̀rù. Ohùn tó pe òun lọ́jọ́ náà dùn. Ó ní obìnrin líle ni ìyá òun, wọn kò fìgbà kan pe òun báyẹn rí, láti kékeré. Ìdí nìyẹn tí òun fi bọ́ bàtà.

Mo fẹ́ ta ọkọ̀ náà. Ìyàwó mi ló kọ̀. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó lọ ń kọ́ omi wíwẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní ìgboro, ó sì fa èmi náà dání. Màmá ní kí a mú àwọn lọ sílé, sí Ìlàjẹ. A lọ. Wọ́n ní kí ọlọ́kọ̀ kan tu wá dé ibi tí ẹ̀gbọ́n wọn ti bá omi lọ, wọ́n dìde dúró nínú ọkọ̀, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ sókè lójú ọ̀sán gangan. Wọ́n dúró. Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Wọ́n jókòó, wọ́n ní ká máa lọ jẹun.

A ṣì ń lọ sí adágún lẹ́yìn Zuba, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ọkọ̀, nígbà tí ojú ọjọ́ bá mọ́ nìkan. Ẹnikẹ́ni kì í dá dúró ní èbúté. Ìyàwó mi ló ń wa ọkọ̀ báyìí, ó sì mọ̀ ọ́n wà jù mí lọ. Lọ́jọ́ kan láìpẹ́, oòrùn ń ràn, omi dákẹ́, ó yíjú lójijì sí apá ibi tí àwọn igi tó kú wà, ó tẹ́tí sílẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní kò sí nǹkan. Èmi kò gbọ́ ohunkóhun. Màmá náà ní àwọn kò gbọ́. Ó fún ẹ́ńjìnnì ní epo sí i, ó sì yí wa sí ọ̀nà èbúté.