Rìmóòtù Tí Wàsíù Fún Mi Le Jù

Rìmóòtù mi ò ní bàjẹ́ mọ́, mo dáràn!

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí lónìí. Rìmóòtù mi, èyí tó ń bá tẹlifíṣọ̀n yòówù ṣiṣẹ́, ti gbó. Bọ́tìnnì ẹ̀ ti jẹ tán, rọ́bà ni mo fi dì í. Gbogbo ìgbà tó bá ti daṣẹ́ sílẹ̀ ni mo ń gbé e lọ bá Wàsíù tó ń tún rédíò ṣe ní Mùṣín. Màá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀, màá máa fi orí ẹ̀ tó pá ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà á kọjú sí eyín mi tó ti yọ tán. Ilẹ̀ á ṣú ká tó mọ̀.

Lónìí ló fún mi ní tuntun.

"Bàbá, mo ti fi láílọ́ọ̀nù wé e, eruku ò ní wọ̀ ọ́. Ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn!"

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ bọ́, olórí ìdí ìkòkò?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni.

Mo délé, iná tún wà, bí ẹni pé wọ́n jọ dìtẹ̀ mọ́ mi. Mo tẹ̀ ẹ́, tẹlifíṣọ̀n tàn. Mo yí ohùn ẹ̀ sókè pátápátá. Látìgbà tí ìyàwó mi ti kú, kò sẹ́ni tó ń sọ pé ariwo pọ̀.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí rìmóòtù náà bọ́ sórí sìmẹ́ǹtì. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní rìmóòtù tó ti kú nínú yín? Ẹ yá mi. Mo gbọ́dọ̀ rí nǹkan gbé lọ bá Wàsíù lọ́la.