Òkè Tó Ń Rú Èéfín Lẹ́yìn Ilé Rísíkátù

Òórùn ọ̀rá tó ń jóná ló wọlé tọ̀ mí wá láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, nílé wa ní Súrùlérè. Ẹnì kan ti dáná sun pàǹtí lẹ́yìn ọgbà. Mo ti fèrèsé, mo yíjú padà, mo sì rí ohun tí ọmọ ọmọ mi gbé sórí tábìlì: òkè oníná tí wọ́n fi ike ṣe, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kùn lórí, tí orúkọ ọmọ náà sì wà níwájú rẹ̀.

“Ta ló ṣe é?”

“Mọ́mì ló rà á, Màmá. Gbogbo kíláàsì wa ló ra tiwọn. Tíṣà ní ká ṣáà ti mú un wá.”

“Kí wá ni òkè oníná?”

Ó fa ike náà mọ́ra. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án, ó lè fọ́.”

Ó rí mi lára. Kì í ṣe ọmọ náà o. Àwa àgbà tó ń ra ẹ̀kọ́ fọ́mọ bí ẹni ra gúgúrú ló ń rí mi lára. Ibi tí mo jókòó sí láàárín òórùn yẹn àti ike yẹn ni mo ti rántí Rísíkátù.

Múṣin ni mo dàgbà sí. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni mo lọ, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí dòní pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ mi níwèé àti àdúrà pọ̀. Rísíkátù, ọmọ mùsùlùmí, ló máa ń jókòó tì mí. Tá a bá ń gbàdúrà òwúrọ̀, á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, “Àmín” tirẹ̀ ló sì máa ń dún jù.

Apá Ìdànrè, láàárín àwọn òkè, ni Tíṣà wa ti wá. Àánú àwa ọmọ ilẹ̀ pẹrẹsẹ máa ń ṣe é, nítorí ohun tó ga jù tá a ti gùn rí ni àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Nígbà tó fẹ́ kọ́ wa nípa ìmìtìtì ilẹ̀, ó kó wa jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn kan, ó di ìdí rẹ̀ mú, ó sì mì ín títí tá a fi ṣubú lura wa. Nígbà tó kan òkè oníná, ó gbé ìkòkò ògì kaná nínú àgbàlá. Ògì náà ki, ó ń hó pọ̀-pọ̀-pọ̀, ó sì ta sí Táíwò, olórí kíláàsì wa, lọ́wọ́. Ó figbe ta.

“Bẹ́ẹ̀ gan-an ni,” ni Tíṣà wí. “Ohun tó gbóná nísàlẹ̀ kò ráyè, ló bá wá ọ̀nà gba òkè.”

Ó wá béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti rí òkè tó ń rú èéfín rí.

Rísíkátù nawọ́. “Èmi, sà. Ẹ̀yìn ilé wa ló wà.”

Ààtàn ló ń sọ. Gbogbo àdúgbò ló ń da pàǹtí síbẹ̀, ó sì ti ga ju òrùlé wọn lọ. Omi dúdú ń sun lábẹ́ rẹ̀, ìdin ń rìn lára rẹ̀, èéfín kì í sì í kúrò lórí rẹ̀, òjò ìbáà rọ̀.

“Ọmọ Ààtàn!” ni Táíwò ké. Ẹ̀rín sọ. Láti ọjọ́ náà, tí Rísíkátù bá ti wọlé, wọ́n á di imú. “Ẹ ṣí fèrèsé o, òkè ti dé!” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi káńfọ̀ sápò aṣọ rẹ̀. Nígbà tó yá, kò wá mọ́. Mo lọ wò ó, ìyá rẹ̀ sì ní òun ti fẹ́ fi í kọ́ṣẹ́ aránṣọ. “Ìwé tí wọ́n fi ń bú ọmọ mi, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?”

Mo sọ fún Tíṣà. Kò na ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ pàṣán kì í jìnnà sí i. Ó ní kí olúkúlùkù wa gbé pàǹtí ilé rẹ̀ wá lọ́jọ́ kejì. A gbé e wá tẹ̀ríntẹ̀rín, a sì dà á jọ sí àgbàlá: egungun ẹja, èèpo iṣu, ọbẹ̀ tó ti bà jẹ́, àkísà tí wọ́n fi nu ìdí ọmọ. Oòrùn mú un, eṣinṣin bò ó. Ọmọ kan tilẹ̀ bì. Tíṣà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di imú.

“Èwo ni ti Rísíkátù níbẹ̀?” ló bi wá.

A wo òkìtì náà látòkè délẹ̀.

“Tẹ́ ẹ bá kó o kúrò nílé yín, ẹ̀yìn ilé ta lẹ ń kó o lọ?”

Nírọ̀lẹ́, Táíwò ló ṣíwájú wa lọ sílé àwọn Rísíkátù. Ìyá Rísíkátù jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò sì dáhùn ìkíni wa.

“Ṣé ẹ wá wòran ni?”

“Rárá, mà,” ni Táíwò wí. “A wá bẹ̀bẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa bọ̀.”

Ó wo imú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó di tirẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Rísíkátù padà wá jókòó tì mí, ó sì bá wa kàwé jáde. Lẹ́yìn náà ni òjò wó ààtàn lu ògiri wọn, wọ́n kó lọ, n kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́.

Wọ́n ti palẹ̀ ààtàn náà mọ́, ṣọ́ọ̀bù ló wà níbẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ìwà tó kọ́ ọ kò kó lọ. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó ṣáájú Sátidé yẹn, mo rí ọkùnrin kan tó múra dáadáa, tó ń ti ìsìn bọ̀, tó ju ike oúnjẹ láti inú ọkọ̀ rẹ̀ sínú gọ́tà wa. Ẹnu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yin Ẹlẹ́dàá tán! Ìríra gbáà ni.

Láàárọ̀ Sátidé náà, mo dìde nídìí tábìlì, mo gbé ògì kaná. Ọmọ náà dúró, ó ń wò ó. Nígbà tí ògì náà kọ́kọ́ ta sókè, ó fò sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè lórí ìbéèrè. Èyí tó bi mí gbẹ̀yìn ni pé:

“Màmá, tá a bá ti fi òkè ike yìí han Tíṣà tán, níbo la máa gbé e sí?”

Mo ṣí fèrèsé tí mo ti tì, mo ní kó wá wo ẹ̀yìn ọgbà, níbi tí pàǹtí ti ń rú èéfín.