Kílò Mẹ́jọ tí Mísbáù Fẹ́ Gbé Lọ sí Ṣakí

“Bọ̀dá Mísbáù, tí òfin ìdíje bá sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ràn yín lọ́wọ́, kí wá ni gbogbo wa ń ṣe níbí?”

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Mardiyah bi í, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹ̀fọn lọ. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà náà, irú ọmọ tó máa ń tún ọ̀rọ̀ rò lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú ikùn kó tó sọ ọ́, tí yóò sì tún gbé e mì lẹ́yìn gbogbo ìrònú náà. Ṣùgbọ́n èyí já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mísbáù, tó lóṣòó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wá sípánà tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó wá a sábẹ́ àpótí, ó sì wá a lẹ́yìn garawa.

Ẹ̀rọ tó ń di bisikíìtì sínú ọ̀rá ni Mísbáù ń tún ṣe ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀. Ọmọ Ìwó ni, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ tí ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Òun, Adébímpé ìyàwó rẹ̀ tó ń ránṣọ, àti Alameen ọmọ wọn ń gbé yàrá kan nínú ilé tí ìdílé Mardiyah náà ń gbé. Ẹnì kankan kì í lè pa àṣírí mọ́ nínú ilé yẹn, nítorí kọ́ridọ̀ kan náà ni gbogbo ẹnu ọ̀nà kọjú sí. Ohun kan ṣoṣo tí Mísbáù fẹ́ràn ju oorun lọ lẹ́yìn iṣẹ́ òru ni kẹ̀kẹ́ onígíà kan, tòkunbọ̀ aláwọ̀ ewé tó rà ní Bọ́ládé. Táyà rẹ̀ ní eyín bíi ti katakata oko, ó sì lè gun òkè.

Ìdíje tó ń múra fún kò ṣòro láti ṣàlàyé, ṣíṣe rẹ̀ ló le. Ẹ ó gbéra ní Abẹ́òkúta láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ẹ ó gba ọ̀nà oko àti òkè olókùúta dé Ìsẹ́yìn, ẹ ó kọjá sí Ṣakí, ẹ ó sì yí padà. Ó lé ní irinwó kìlómítà. Ẹni tí kò bá tíì padà dé nígbà tí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Sátidé bá lù, kò parí nìyẹn. Ohun tí o bá máa lò, ìwọ ni kó o gbé e. Oúnjẹ tí wọ́n ń tà fún gbogbo ayé lẹ́bàá ọ̀nà lo lè rà, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́ kò gbọdọ̀ dúró dè ọ́ pẹ̀lú abọ́ tàbí ẹní.

Ó ti dán an wò lọ́dún tó ṣáájú. Fóònù nìkan ló gbẹ́kẹ̀ lé láti mọ̀nà. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé Ṣakí, iná fóònù tán. Mísbáù yà síbi tí kò yẹ kó yà, ó sì ń wa kẹ̀kẹ́ lọ tayọ̀tayọ̀ títí ọkùnrin kan tó wọṣọ ìjọba fi fi èdè Faransé kí i pé, “Bọnjúù.” Ẹnu ibodè orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ló dé. Ọkọ̀ tó kó ìrẹsì ló gbé e padà wálé. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Músíọ̀, bí àwọn Faransé ṣe ń pe ọ̀gbẹ́ni, ní àdúgbò.

“Bàbá Alameen,” ni Adébímpé wí nígbà tó gbọ́ pé ó tún fẹ́ lọ, “mi ò ní dí yín lọ́nà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan ní Ire-Akari ti wá wo kẹ̀kẹ́ yìí, ó fẹ́ rà á fún ọmọ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá parí, kẹ̀kẹ́ dúró. Tẹ́ ẹ bá tún lọ kí àwọn Faransé, mo máa pe bàbá náà.”

“Mo gbà,” ni Mísbáù wí. Kò rẹ́rìn-ín rárá.

Láti ìgbà náà ni ẹrù ti di ohun tó ń lá àlá rẹ̀. Kílò mẹ́jọ ló ní kò gbọdọ̀ kọjá. Ó yá òṣùwọ̀n tí Ìyá Súbérù, ẹlẹ́ja tútù iwájú ilé, fi ń wọn ẹja, ó so ó mọ́ ilẹ̀kùn, ó sì ń gbé gbogbo nǹkan kọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan: tíúbù méjì, pọ́ǹpù, ègé ṣéènì, tọ́ọ̀ṣì, páwà báǹkì, ọ̀rá tí yóò fi bo ara tí òjò bá dé. Ìlànà tí ẹ̀rọ bisikíìtì fi kọ́ ọ ló ń tẹ̀ lé, pé ohun tí kò bá ṣiṣẹ́, yọ ọ́. Ó gé ìdajì búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ̀ dànù. Ó yọ bọ́tìnnì méjì lára ṣẹ́ẹ̀tì.

“Ẹ ti gé búrọ́ọ̀ṣì,” ni Adébímpé wí láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, níbi tó ti ń rán àpò ẹrù náà, “ẹ ti yọ bọ́tìnnì. Ikùn yín ńkọ́? Ibo lẹ ti máa gé ìyẹn?”

Àkọsílẹ̀ ọ̀nà ni iṣẹ́ ti Mardiyah. Mísbáù kò fẹ́ fi ara rẹ̀ lé fóònù lọ́wọ́ mọ́. Ó fẹ́ kí gbogbo ibi tó yẹ kó yà wà nínú bébà pélébé-pélébé tí yóò dì sínú ọ̀rá, tí yóò sì so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Mardiyah ló ní ọwọ́ ìkọ̀wé tó mọ́ jù nínú ilé. Mísbáù ń wo àwòrán ọ̀nà lójú fóònù, ó ń pè, Mardiyah ń kọ. Bébà mẹ́wàá kọjá kó tó yẹ iṣẹ́ náà wò.

“Mardiyah, kí lo kọ síbí?”

“‘Ẹ jọ̀ọ́, sà, tẹ́ ẹ bá dé kìlómítà kẹtàdínlógún, ẹ bá mi yà sọ́wọ́ òsì.’”

“Ṣé lẹ́tà lò ń kọ sí ọ̀gá ilé-ìwé ni? Kọ ‘Òsì’, ó parí.”

Mardiyah gbìyànjú. Ó gbé bíírò, ó wo Bọ̀dá Mísbáù, ó tún wo bébà. Báwo lọmọ á ṣe ní kí àgbàlagbà kan yà sósì bí ẹni ń lé ewúrẹ́? Ó kọ “Ẹ yà sósì, sà.” Mísbáù mí kanlẹ̀, ó sì gbà bẹ́ẹ̀.

Bóyá nǹkan ì bá parí síbẹ̀ bí kò bá jẹ́ pé ó ń pe orúkọ ìlú sókè. Ní ilé yẹn, ẹni tó bá ní òun ń lọ síbì kan kì í dá lọ. Ìyá Súbérù ló kọ́kọ́ gbọ́.

“Ìsẹ́yìn kẹ̀? Ibẹ̀ ni màmá mi wà! Mísbáù ọmọ mi, bá mi fún wọn ní súwẹ́tà kékeré yìí. Ẹja gbígbẹ díẹ̀ ló wà nínú ẹ̀.”

“Mà, ìdíje ni—”

“Mo mọ̀. Ṣebí ìwọ náà á sáà dúró mí.”

Òṣùwọ̀n Ìyá Súbérù ló ń lò. Kí ló fẹ́ sọ? “Kò burú, mà.”

Lọ́jọ́ kejì, ọṣẹ tí ìyá Mardiyah fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ní Òkè-Ihò dé. Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá Abórìṣàdé, awakọ̀ àjàgbé tó ti fẹ̀yìntì, jáde láti yàrá ìkẹyìn pẹ̀lú nǹkan róbótó kan tí ó fi ìwé ìròyìn wé. Irin ni, èyí tí bẹ́líìtì máa ń yí ká lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ gbágùúdá. Àbúrò rẹ̀, Tàjùdéèn, ló ń retí rẹ̀ nítòsí Ṣakí.

“Irin, Bàbá?” Ohùn Mísbáù ti fẹ́ di ẹkún.

“Kékeré ni. Mardiyah, kọ ọ́ síbẹ̀. Kìlómítà mélòó ni oríta Ṣakí yẹn? Igba ó lé mẹ́ta? Kọ ọ́ pé ṣọ́ọ̀bù Tàjùdéèn wà lọ́wọ́ òsì, páànù rẹ̀ pupa. Tó ò bá rí páànù pupa, o ti kọjá ibẹ̀, yí padà.”

Mardiyah kọ ọ́. “Tẹ́ ẹ ò bá rí páànù pupa, sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí padà.”

Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò, gbogbo ilé pé jọ láti wo bí ẹrù ṣe wúwo tó. Ìyá Súbérù ń sọ bí wọ́n ṣe ń di àpò. Adébímpé ń fa sípù. Bàbá Abórìṣàdé ń sọ pé táyà iwájú le jù. Òṣùwọ̀n dúró lórí kílò mọ́kànlá. Ibẹ̀ ni ìbéèrè Mardiyah ti já bọ́, ibẹ̀ sì ni wíwá sípánà ti bẹ̀rẹ̀.

Mísbáù lọ. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kò tíì rọ̀ tí fóònù Ìyá Súbérù fi dún. Ìyá Àgbà, màmá rẹ̀, ló ń pè láti Ìsẹ́yìn, ó sì ń pariwo débi pé kò sẹ́ni tí kò gbọ́.

“Irú ènìyàn wo lẹ rán sí mi? Mo gba ẹrù, mo gbé oúnjẹ fún un, ó ní òun ò lè jẹ nílé mi. Mo ní ṣé mo ṣe májèlé síbẹ̀ ni? Ó ní rárá, òun ń gba ààwẹ̀ Alámísì.”

“Ààwẹ̀?” ni Adébímpé wí.

“Lórí kẹ̀kẹ́! Mo ní Olúwa á gbà á, kó jókòó títí oòrùn á fi wọ̀, kó ṣínu lọ́dọ̀ mi, kí èmi náà rí láádá. Ló bá ní òun fẹ́ lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí iwájú. Mo dúró, dúró. Mo gbé ẹ̀lùbọ́ tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹ, mo tẹ̀ lé e. Ibo ni mo ti bá a? Nídìí àkàrà! Àkàrà kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Mo ní, ‘Aláàwẹ̀, ṣé oòrùn ti wọ̀ lápá ọ̀dọ̀ tìẹ ni?’”

Ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ ya lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Adébímpé rẹ́rìn-ín títí tó fi fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀. “Ó gba ẹ̀lùbọ́ náà ṣá?” ni Ìyá Súbérù bi ìyá rẹ̀.

“Kí ló fẹ́ ṣe? Ẹnu rẹ̀ kún, kò lè sọ pé rárá.”

Ẹ̀rín náà kò dé ọjọ́ kejì. Ní ọ̀sán Jímọ̀, Tàjùdéèn pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun kò rí ẹnì kankan. Ní agogo mẹ́rin, ó tún pè: àwọn oníkẹ̀kẹ́ mìíràn ti ń kọjá, kò sí Mísbáù. Wọ́n pe fóònù Mísbáù, kò lọ. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ibodè. Adébímpé ń ránṣọ láìgbé ojú sókè. Fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì, Mardiyah sì rí i pé ó ti wá nọ́ńbà bàbá Ire-Akari síta.

Mardiyah wọ yàrá lọ, ó ṣí ìwé tó ti kọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ ọ̀nà. Ó ń wo nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Bí òun bá fi mẹ́rin sí ipò méje ńkọ́? Bí gbogbo “ẹ jọ̀ọ́” yẹn bá ti gba ààyè, tí lẹ́tà kéré jù láti kà lórí kẹ̀kẹ́ tó ń mì ńkọ́? Tí wọ́n bá ta kẹ̀kẹ́ náà, òun ló tà á.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun ìrọ̀lẹ́ nígbà tí Bàbá Abórìṣàdé ké láti kọ́ridọ̀. “Ó ti dé ọ̀dọ̀ Tàjùdéèn! Ṣùgbọ́n apá ọ̀hún ló ti yọ. Ó ti kọjá tẹ́lẹ̀!”

Òótọ́ ni. Fóònù ti kú mọ́ Mísbáù lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bíi ti èṣín. Ó ti kọjá oríta náà bó ṣe kọjá rẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú, ọ̀nà kan náà, pẹ̀lú ayọ̀ kan náà. Irin tó ń gún un lẹ́yìn ló rán an létí pé òun kò tíì jíṣẹ́. Ó wo bébà tó wà lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́. Kò rí páànù pupa. Bébà bẹ̀ ẹ́ kó yí padà, ó sì yí padà.

Ní Sátidé, Adébímpé kò ránṣọ rárá. Nígbà tí agogo mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, fóònù rẹ̀ dún, nọ́ńbà tí wọn kò mọ̀ ló ń pè.

“Ìyá Alameen,” ni ohùn kan wí, gbígbẹ bí ẹja Ìyá Súbérù, “mo ti dé. Wọ́n ti kọ orúkọ mi.”

Adébímpé fi gèlè nu ojú. Gbogbo wọn rí i. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ṣé wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lu ìwé ìrìnnà yín ní ibodè?”

Mísbáù wọlé lọ́jọ́ kejì, ojú rẹ̀ ti jìn, ètè rẹ̀ ti bó. Kò sẹ́ni tó jẹ́ kó jókòó kí wọ́n tó gbé àpò rẹ̀ kọ́ òṣùwọ̀n. Ẹ̀lùbọ́ Ìsẹ́yìn wà nínú rẹ̀, àti gàrí tí Tàjùdéèn fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti oyin láti Òkè-Ihò. Kílò mẹ́rìnlá. Bàbá Ire-Akari pè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Adébímpé sọ fún un pé kẹ̀kẹ́ kò sí fún títà, pé ẹ̀mí wà nínú rẹ̀.

Ọdún mẹ́rin kọjá. Mísbáù parí ìdíje mẹ́ta sí i, kò sì tún dé ọ̀dọ̀ àwọn Faransé mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ náà kò kúrò lára rẹ̀. Mardiyah ti wà ní kíláàsì àṣekágbá. Ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, òun náà ló sì ń kọ bébà ọ̀nà lọ́dọọdún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó ti Mísbáù bó ṣe ń gbé àpò kọ́ òṣùwọ̀n. Ìyá Súbérù ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bàtà méjì àti agboòrùn kan sílẹ̀ ni. Mardiyah bi í ní ìbéèrè àtijọ́ náà, ọ̀rọ̀ kan kò yàtọ̀ nínú rẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, Mísbáù kò wá sípánà kankan. Ó gbé agboòrùn, ó wò ó, ó tì í bọ ẹ̀gbẹ́ àpò.

“Ọdún mẹ́rin ni mo fi ka òfin yẹn,” ló wí. “Mo kà á látòkè délẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n kọ̀, Mardiyah. Ẹ̀yin ò ràn mí lọ́wọ́ rí. Ṣe lẹ̀ ń dí mi lọ́wọ́, wọn ò sì kọ ọ́ síbì kankan pé kí ará ilé ẹni má dí ẹni lọ́wọ́.”