Ohùn Ẹ̀gbọ́n Adùnńlétí

Ẹni tó bá mọ olórin tí wọ́n ń pè ní Adùnńlétí nínú fídíò nìkan kò lè mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló kọ́ ọ lórin. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Adùnńlétí nígbà tí ìyá wọn kú. Ẹ̀gbọ́n yìí, tó fi ọdún mọ́kànlá jù ú lọ, ló ń wẹ̀ fún un, tó ń dirun fún un, tó sì fi owó iṣẹ́ olùkọ́ rán an níléèwé. Akólòlò ni ẹ̀gbọ́n náà. Bó bá fẹ́ pe "omi" lásán, ètè rẹ̀ á máa gbọ̀n, iṣan ọrùn rẹ̀ á yọ, ọ̀rọ̀ á sì há sí i lọ́fun. Ṣùgbọ́n bó bá fi orin sọ ọ́, geere báyìí ni yóò jáde. Nítorí náà, orin ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nílé. Orin ni "wá jẹun", orin ni "ta ló ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ yìí?" Kí àbúrò tó pé ogún ọdún, kò sí orin tó le lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Nígbà tó lọ gba orin àkọ́kọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ọkùnrin tó ń bá a to ohùn orin ní orin náà dùn, àmọ́ kò ní ohun tí yóò máa dún létí èèyàn lẹ́yìn tó bá tán.

"Fi nǹkan kan sí i," ló wí. "Ohunkóhun."

Àwàdà ni Adùnńlétí fi ṣe. Ó kólòlò: "O... o... o ti jẹ... jẹ... jẹun?" Gbogbo ẹni tó wà ní yàrá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọkùnrin náà lu tábìlì. "Òun gan-an nìyẹn! Tún un ṣe." Ó tún un ṣe. Ó rántí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tó ń gbọ́ dùn mọ́ ọn ju kó dúró lọ.

Olùdarí fídíò ló ní kó múra bí olùkọ́. Ó bá lọ sílé. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní aṣọ búlúù yín, mo fẹ́ fi ṣe nǹkan kan." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ran bọ́tìnì kan tó fẹ́ já, ó lọ aṣọ náà dáadáa, ó gbé e fún un. Aṣọ náà ni Adùnńlétí wọ̀ níwájú kámẹ́rà, pẹ̀lú awò ojú ńlá àti ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, tó ń kólòlò, tí àwọn ọmọ kéékèèké sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Fídíò náà ràn bí iná pápá. Kò pé oṣù méjì tí àwọn èèyàn fi ń dá a dúró lójú títì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan péré lórí fóònù, ó sì dá fóònù padà fún un.

"Mo... mo... mo rí aṣọ mi," ló sọ, ó wọ yàrá lọ.

Adùnńlétí mọ ohun tó yẹ kó sọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ki fóònù bọ àpò.

Lọ́dún kejì, wọ́n pè é sínú fíìmù. Olùkọ́ akólòlò yẹn náà ni wọ́n fẹ́, ó sì gbà. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà han aráyé, ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání, wọ́n jọ jókòó níwájú. Gbọ̀ngàn náà kún fọ́fọ́. Bí olùkọ́ inú fíìmù bá ti la ẹnu, ẹ̀rín á bú. Ẹnì kan lẹ́yìn wọn pariwo pé, "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba!" Ẹ̀rín tún sọ. Adùnńlétí fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ń pàtẹ́wọ́ bí àwọn yòókù ṣe ń pàtẹ́wọ́.

Bí wọ́n ṣe jáde, oníròyìn kan na ẹ̀rọ ìgbohùn sí Adùnńlétí lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró tì í, ó bá a gbé báàgì.

"Ibo lẹ ti kọ́ ìkólòlò yìí? Àfi bíi pé wọ́n bí i mọ́ yín."

"Mo kàn ronú ẹ̀ ni," ni Adùnńlétí dáhùn. "Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi."

Oníròyìn yíjú sí ẹ̀gbọ́n. "Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Ṣé ẹ̀ ń bá wọn ṣiṣẹ́ ni?"

Ẹ̀gbọ́n la ẹnu díẹ̀, ó tún pa á dé. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìtìjú bo Adùnńlétí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kí irọ́ rẹ̀ má baà tú, ẹni tó tọ́ ọ dàgbà gbà láti di ọmọ-ọ̀dọ̀ lójú ayé. Ì bá dùn mọ́ ọn kí ilẹ̀ lanu, kó gbé e mì.

Lọ́jọ́ Ajé, Adùnńlétí lọ síléèwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ṣe olùkọ́. Kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kíláàsì kejì tó ti ń kọ́ fún ọdún mẹ́tàlá. Ọ̀gá iléèwé mú un lọ sí yàrá kékeré kan tí wọ́n ń kó ìwé sí.

"Àbí ẹ ò gbọ́ ni? Ó ti lé lọ́dún kan tó ti bẹ̀ mí pé kí n mú òun kúrò ní kíláàsì. Bó bá ti ń pe orúkọ àwọn ọmọ láàárọ̀, orin yín ni wọ́n fi ń jẹ́ ẹ." Ọ̀gá náà kò fi ìkanra sọ ọ́, ìyẹn ló sì dun Adùnńlétí jù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sáàárín ìwé tó ti ya, ó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n. Adùnńlétí kúnlẹ̀ sínú eruku.

"Àǹtí mi, mo ṣẹ̀ yín. Mo fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ jẹun. Ẹ lù mí, ẹ bú mi."

Ẹ̀gbọ́n kò gbójú sókè títí ó fi lẹ ewé ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán.

"Kì í ṣe ẹ̀... ẹ̀... ẹ̀rín wọn ló dùn mí. Wọ́n ti ń fi mí rẹ́rìn-ín láti kékeré. O ò... o ò bi mí. Ká ní o bi mí ni, ǹ bá... ǹ bá gbà fún ẹ."

Adùnńlétí ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Dì... dìde. Ilẹ̀ yẹn dọ̀tí."

Kò sọ pé òun ti dárí jì í.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà, Adùnńlétí sọ òótọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n pé ẹ̀gbọ́n òun ló ni ohùn náà, òun kàn jí i lò ni. Ó bẹ ilé-iṣẹ́ tó ni fídíò kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n ní kò sí nínú àdéhùn. Àwọn èèyàn ṣì ń wò ó dòní. Wọ́n tún pè é sí fíìmù kejì, ó kọ̀, wọ́n fi ẹlòmíràn ṣe é. Níbikíbi tó bá ti ń kọrin, èrò á ní kó kólòlò fáwọn, yóò lóun ò ṣe é mọ́, àwọn kan á sì dìde lọ. Òkìkí rẹ̀ rọlẹ̀. Nínú fíìmù tó ń ṣe báyìí, ọ̀rẹ́ ìyàwó tàbí aládùúgbò ni wọ́n máa ń fi í ṣe: ìran méjì, ó parí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà sí kíláàsì lọ́dún tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú àwọn ọmọ tuntun. Oṣù mẹ́jọ kọjá kó tó wá kí àbúrò rẹ̀. Ọ̀sán ló dé, ó jókòó, ó ń sọ̀rọ̀ òrùlé wọn tó ń jò. Adùnńlétí ń dáhùn, ilẹ̀ ló ń wò.

"Wò... wò mí lójú jàre," ni ẹ̀gbọ́n wí.

Ó gbìyànjú. Kò pẹ́ tó fi tún sorí kọ́.