Ilé Bàbá Mi Tí Mo Fi Bisikíìtì Kọ́

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n wó ilé bàbá mi ní Ìjókù, ní Ṣàgámù, inú pálọ̀ mi ní Ìkẹ́nnẹ́ ni mo jókòó sí, tí mò ń fi bisikíìtì kọ́ irú rẹ̀.

Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, kíláàsì kejì ni mò ń kọ́. Nígbà tí sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ ń parí lọ, ọ̀gá wa obìnrin pe gbogbo àwa olùkọ́ jọ, ó fi àwòrán kan hàn wá lórí fóònù rẹ̀. Ilé kékeré ni, tí wọ́n fi bisikíìtì àti súìtì kọ́ láti òkè délẹ̀, irú èyí tí àwọn òyìnbó máa ń ṣe nígbà Kérésìmesì. Ó ní kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan ṣe tirẹ̀, kí àwọn òbí lè wò ó lọ́jọ́ tí a bá ń ṣe àríyá ìparí sáà. Ó ní kò sí yíyan kankan níbẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé kò sí ẹni tó ní ààrò kéèkì nílé nínú wa. Bisikíìtì tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù la máa lò.

Nígbà tí mo fi àwòrán náà han àwọn ọmọ kíláàsì mi, ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú nawọ́ sókè.

"Àǹtí, kí ni nǹkan funfun tó wà lórí òrùlé yẹn?"

Mo ní yìnyín ni, pé lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ó máa ń bọ́ láti òkè, á sì bo orí ilé.

"Ṣé ilé yẹn ò ní í jò?"

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń lọ sílé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo rò ó pé kí ló dé tí n ó fi kọ́ ilé tí àwọn ọmọ yìí kò rí rí. Mo pinnu pé ilé tó ní òrùlé páànù, tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ni n ó kọ́. Ilé bàbá mi ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn.

Oníṣòwò obì ni bàbá mi ní Ṣàgámù. Ilé yẹn ló ti ń ṣe gbogbo ẹ̀. Yàrá méjì ló fi pamọ́ fún obì nìkan, tó fi jẹ́ pé bí a bá jí láàárọ̀, òórùn ewé tí wọ́n fi ń wé obì la kọ́kọ́ máa ń gbọ́. Òpó mẹ́rin ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, fèrèsé onípákó ló wà níwájú. Nígbà tí àwọn oníjìbìtì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilé onílé ní àdúgbò wa, bàbá mi ra ọ̀dà pupa, ó gun àpótí, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sára ògiri pé ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Lẹ́tà tó kẹ́yìn ò gba ibẹ̀ dáadáa, ó ṣe é tín-ín-rín, a sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún un.

Àwa méjì péré ló bí, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Lẹ́yìn tó kú, àwọn ayálégbé ló wà nínú ilé náà, ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Ṣàgámù ló sì ń bójú tó o. Èmi ò bi í léèrè nǹkan kan rí. Òun ló gbé mi lẹ́yìn lọ sílé ìwé nígbà tí mo ṣẹ́ ẹsẹ̀, òun ló dúró níwájú gẹ́gẹ́ bí bàbá nígbà tí mò ń ṣègbéyàwó, tí mo fẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà láti Ìkẹ́nnẹ́, tí àwọn kan nínú ẹbí wa sì ń kùn nítorí ọ̀rọ̀ ìjọ.

Nítorí náà òun ni mo pè.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, fèrèsé mélòó ló wà níwájú ilé bàbá wa? Ṣé mẹ́ta ni àbí mẹ́rin?"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ilé bisikíìtì fún un. Ó rẹ́rìn-ín gan-an, ó ní mi ò ní í dàgbà láéláé. "Mẹ́ta ni," ló wí. "Méjì lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Jẹ́ kí n fi àwòrán ránṣẹ́ sí ẹ, mo ní ọ̀kan lọ́wọ́."

Àwòrán náà dé kí n tó gbé fóònù sílẹ̀. Mo fẹ̀ ẹ́ lójú kí n lè rí bí pákó fèrèsé ṣe rí, mo sì ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ tí bàbá wa kọ sí ara ògiri kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo tún pè é.

"A kun ilé ni," ló wí. "Ó ti dọ̀tí jù."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ pé ó ń tọ́jú ilé. Mo dúpẹ́ tọkàntọkàn.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo gé páálí, mo fi ṣe egungun ilé náà, kí ògiri lè rí ibi fara tì. Bisikíìtì pẹlẹbẹ onígun mẹ́rin ni ògiri. Mo ń fi ọ̀bẹ eléyín rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ níbi tí fèrèsé máa wà. Lọ́jọ́ kìíní, mo po ṣúgà lẹ́búlẹ́bú mọ́ funfun ẹyin, mo fi lẹ̀ ẹ́. Kí n tó fọ abọ́ tán, gbogbo ògiri ti yọ̀ wálẹ̀. Ọkọ mi ló sọ pé kí n yọ́ ṣúgà lásán lórí iná títí tí yóò fi pọ́n bí oyin, pé bí ìyẹn bá gbẹ, kò sí ohun tó lè tú u. Òótọ́ ló sọ. Ṣúgà náà ta sí mi ní àtàǹpàkò, ó bó mi, ṣùgbọ́n ó di ògiri mú ṣinṣin.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó fẹ́ ọwọ́ mẹ́rin. Bí èmi bá ń fi ṣíbí da ṣúgà sí i, ẹlòmíràn ní láti di ògiri mú kó má yẹ̀ títí yóò fi le. Ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ilé ló sì máa ń wà lọ́sàn-án. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, a ó jẹun, a ó jókòó ti tábìlì, yóò fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di ògiri ilé bàbá mi mú. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Lọ́jọ́ kan, ó ṣàdédé bi mí pé:

"Kí ló dé tó jẹ́ ilé yẹn gan-an lo fẹ́ kọ́? Ṣé ilé míì ò sí ni?"

Mo ní, "Dádì, ẹ dì í mú dáadáa jàre, ó ń yẹ̀."

Bisikíìtì onílà gbọọrọ ni mo fi ṣe páànù, mo wọ́n kòkó lẹ́búlẹ́bú sí i lórí kó lè dà bí ẹni pé ó ti dípẹtà. Ṣíńgọ́mù pẹlẹbẹ ni fèrèsé onípákó. Gaàrí ni mo dà sílẹ̀ fún yanrìn iwájú ilé. Ó ku òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti òkúta tí bàbá mi tò sí ẹnu ọ̀nà. Mo ronú pé kókóró àgbàdo ló máa dára jù fún òpó, kí n sì fi súìtì bàbá dúdú ṣe òkúta. Ní Sátidé, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣàgámù láti rà wọ́n. Nígbà tí mo rà wọ́n tán, ó kù díẹ̀ kí n padà, àfi bó ṣe wù mí láti fi ojú ara mi rí ilé náà. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìjókù.

Mo rò pé ọlọ́kadà ṣì mí gbé ni. Kò sí òrùlé. Ògiri iwájú ti wó, mo ń wo inú yàrá obì láti títì. Àwọn òṣìṣẹ́ ń to pákó fèrèsé jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá kókóró lọ́wọ́ títí tí ọlọ́kadà fi ní kí n fún òun lówó òun.

Àbúrò bàbá mi obìnrin ń gbé ní iwájú ilé náà. Ó jáde wá, ó dì mọ́ mi.

"Màmá, ta ló ń wó o?"

Ó wò mí. "Ẹni tó rà á ni. Ṣé o ò mọ̀ ni? Bọ̀ọ̀dá ẹ sọ fún wa pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ fọwọ́ sí i."

Ilé ẹ̀gbọ́n mi ò jìnnà, mo fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ó ń jẹ ẹ̀bà nígbà tí mo wọlé. Ó wo ojú mi, ó sì ki ọwọ́ bọ omi.

"Jókòó," ló wí.

"Mi ò jókòó. Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ta ilé bàbá wa?"

"Ọ̀ràn ti bá mi. Nǹkan ò lọ dáadáa mọ́ rárá, o ò lè mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Bí mo bá sọ fún ẹ, ṣé wàá gbà?"

"Mi ò ní í gbà."

"Ìdí nìyẹn," ló wí, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Mo ní mi ò fọwọ́ sí nǹkan kan. Ó wọ yàrá, ó mú ìwé jáde. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀, ọwọ́ mi sì ni. Kò ju oṣù díẹ̀ lọ tó wá sí Ìkẹ́nnẹ́, tó ní wọ́n fẹ́ fi mítà iná tuntun sí ilé náà, pé àwọn fẹ́ ìbuwọ́lù onílé méjèèjì. Mò ń máàkì ìwé ìdánwò lọ́wọ́. Ó ṣí i sí ojú ewé tó kẹ́yìn, mo fi bírò pupa tí mo fi ń máàkì buwọ́ lù ú, mo sì padà sórí iṣẹ́ mi. Bírò pupa yẹn náà ni mo rí.

Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ẹlẹ́rìí sí. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn. Ọkọ mi kì í ya orúkọ rẹ̀ gàdàgàdà bí àwa yòókù. Ó máa ń kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní tónítóní, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn ní ọ́fíìsì láyé ìgbà yẹn.

Mi ò bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bí mo ṣe dé Ìkẹ́nnẹ́ ni mi ò mọ̀. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, ọkọ mi wà nídìí tábìlì. Ó ń fi sùúrù lẹ ṣíńgọ́mù kan tó ti ṣí kúrò lójú fèrèsé.

"Mo ti Ìjókù bọ̀," mo wí.

Kò gbé ojú sókè. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kò sí àṣìṣe kankan nínú ohun tí mo rí.

"Ẹ mọ̀ pé wọ́n ti tà á. Ẹ jókòó síbí lójoojúmọ́, ẹ ń bá mi di ògiri mú."

"Mo ń wá ọjọ́ tí n ó sọ fún ẹ ni."

"Ọjọ́ wo?"

"Bọ̀ọ̀dá bẹ̀ mí. Ó sunkún níwájú mi, Mọ́mì. Ó ní bí o bá mọ̀, wàá da ọ̀rọ̀ náà rú, òun á sì ti inú ẹ̀ kú. Mo rò pé ilé àtijọ́ ni, pé kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ nínú yín."

"Ẹ̀yin náà gbà pé kí wọ́n purọ́ mítà fún mi?"

Ó ṣì di ṣíńgọ́mù náà mú sí ojú fèrèsé, mo sì ní kó mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe ìwé. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ló fi bi mí bóyá ògiri ti gún, bóyá òrùlé ti tẹ́.

Èmi nìkan ni mo parí rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Mo ri òpó kókóró mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo tún po ṣúgà lẹ́búlẹ́bú díẹ̀ mọ́ àwọ̀ pupa, mo fi igi ìtayín kọ ọ̀rọ̀ bàbá mi sára ògiri. Lẹ́tà tó kẹ́yìn ò gba ibẹ̀ fún èmi náà. Mo sunkún débi tí mo fi ní láti gbé ojú kúrò lórí ilé náà, kí omi má bàa kán sí i.

Lọ́jọ́ àríyá, àwọn òbí yí tábìlì wa ká. Ọ̀gá wa ní tiwa ló dà bí ilé jù lọ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín sí ohun tí mo kọ sára ògiri, wọ́n rò pé àwàdà ni. Nígbà tí ètò parí, ọ̀gá wa ní kí àwọn ọmọ máa jẹ ẹ́. Òrùlé ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ. Wọ́n jẹ fèrèsé, wọ́n já òpó, wọ́n fi ìka lá àwọ̀ pupa kúrò lára ògiri. Ọmọbìnrin tó bèèrè ọ̀rọ̀ yìnyín mú ègé ògiri kan wá fún mi.

"Àǹtí, ẹ jẹ tiyín."

Mo jẹ ẹ́. Ó le, ó sì dùn jù.

Ọkọ mi àti èmi ṣì ń gbé pọ̀. Ó ti bẹ̀ mí, ó ti mú pásítọ̀ wá, ó sì ti kúnlẹ̀, ọkùnrin arúgbó bíi tirẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́. Mò ń se oúnjẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá sọ pé òjò ń rọ̀ níta, mo máa ń lọ yọjú lójú fèrèsé kí n tó gbà.

Ẹ̀gbọ́n mi ò pè mí títí di oṣù tó kọjá. Ẹni tó ra ilé tún fẹ́ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, níbi tí igi obì méjì wà, wọn ò sì kọ ọ́ sínú ìwé ti àkọ́kọ́. Ó fi ìwé tuntun rán ẹnì kan sí mi, ó ní kí n jọ̀ọ́ fọwọ́ sí i, pé lọ́tẹ̀ yìí òun ò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó ń pè mí láràárọ̀.

"Ṣé o ti fọwọ́ sí i?"

"Mò ń kà á lọ́wọ́," mo máa ń sọ fún un.

Ojú ewé mẹ́rin ni. Mo ti kà á tán láti ọjọ́ tó dé.