Nọ́ńbà Kẹwàá Lára Ọkọ̀ Dókítà

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ Ẹtì ni mo jáde nílé ní Ìsẹ́yìn. Mo gbé báàgì dúdú kan kọ́ èjìká, ìwé ìkọ̀wé kan àti tọ́ọ̀ṣì kékeré tí mo fi ń yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò sì wà nínú rẹ̀. Bí ìyàwó mi ṣe ń ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn mi, ó ní, "Ẹ wo ẹni tí mọ́tò tirẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì láti oṣù méjì, tó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ wo mọ́tò ẹlòmíràn!" Mo rẹ́rìn-ín. Kò parọ́ mọ́ mi. Ọkọ̀ mi ń mu ọ́ìlì bí ẹní mu omi, n kò sì tíì rí i tún ṣe.

Ẹ̀yin ará ilé mọ̀ pé aṣọ òkè ni mo ń hun, ẹ sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Japáànù kan ni mo fi ń dí yín létí. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé wọ́n fún mi ní nǹkan. Ẹni tó bá ti wọ takisí rí ní ilẹ̀ yìí ti jókòó nínú ọkọ̀ wọn. Ohun tó fà mí mọ́ wọn ni pé òfì ni ìdílé tó dá a sílẹ̀ ń ṣe kí wọ́n tó ronú kan mọ́tò. Bàbá ṣe òfì tó ń dúró fúnra rẹ̀ bí fọ́nrán òwú kan bá já. Ọmọ rẹ̀ gba igun kan nínú ilé-iṣẹ́ òfì náà, ó ń tú ẹ́ńjìnì àwọn ará Amẹ́ríkà palẹ̀, ó ń tò ó padà, títí tó fi ṣe tirẹ̀. Orí òfì ni mo wà lọ́jọ́ tí mo ka ìtàn yìí lórí fóònù. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tí wọ́n kọ nípa ọkọ̀ wọn tí mo rí tí n kò kà.

Àwa tí a fẹ́ràn ọkọ̀ náà ní ẹgbẹ́ kan lórí fóònù. Oníkálukú ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí: jíà ẹnìkan ń fà, ẹlòmíràn ń yangàn pé òun kò tíì ṣí ẹ́ńjìnì rí. Èmi ni wọ́n ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ yóò ya àwòrán nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí mi. Lẹ́tà àti nọ́ńbà náà jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Ti àkọ́kọ́ ń sọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe é. Ti kẹwàá ń sọ ọdún. Bí o bá rí 4 níbẹ̀, 2004 ni; bí o bá rí 7, 2007 ni. N kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dáhùn.

Nínú ẹgbẹ́ yìí ni obìnrin kan, Tọ́lá, ti kọ̀wé láti Ìlíṣàn-Rẹ́mọ pé bàbá òun tó ti dolóògbé ra ọkọ̀ kan ní tuntun ní 2005, ọ̀rá ṣì wà lára àga rẹ̀ nígbà tó gbé e wálé, àti pé títí di òní kò sí ẹlòmíràn tó ni ín rí. Gbogbo ọkọ̀ tí mo ti fọwọ́ kàn láyé mi, tòkunbọ̀ ni. Mo bẹ̀ ẹ́ kí n wá wò ó kí n sì kọ ìtàn rẹ̀. Ó gbà. Kò sí ẹni tó fẹ́ ta ọkọ̀, kò sì sí ẹni tó ní kí n wá yẹ ohunkóhun wò.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ náírà ni mo san dé Ìbàdàn. Ilẹ̀ mọ́ bá wa nígbà tí a kọjá Ọ̀yọ́. Ní Ìbàdàn, mo wọ bọ́ọ̀sì Ṣàgámù ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, iwájú ni mo sì jókòó. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣe bọ́ọ̀sì ọ̀hún, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ẹ́ńjìnì rẹ̀ fún awakọ̀. Ó gbọ́ díẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti ń wà á, n kò mọ ọmọ ọdún mélòó ni. Tó bá ti jí láàárọ̀, ọmọ òní ni." Àwọn tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé mi.

Mo bọ́ sílẹ̀ ní Òde-Rẹ́mọ, mo wọ takisí gba Ìpẹru dé Ìlíṣàn. Ọ̀dà ojú ọ̀nà náà dán ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n ìgòkè rẹ̀ pọ̀. Lọ́dọ̀ wa, oko àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni ó ń tẹ̀ lé ènìyàn lọ lẹ́bàá ọ̀nà. Níbẹ̀, igi obì àti kòkó ṣú bo ọ̀nà débi pé awakọ̀ tan iná ọkọ̀ lójúmọmọ. Ọ̀kadà gbé mi ní ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà dé ilé wọn lójú ọ̀nà Ìrólú.

Ilé olùkọ́ni ni, ó mọ́ tónítóní. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ìjọ ẹlẹ́sìn Sábáàtì dá sílẹ̀ ni olóògbé náà ti kọ́ni. Dókítà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Opó rẹ̀, Màmá, tó ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin. Lọ́dọ̀ tiwa, obì ni à bá fi gba àlejò, ṣùgbọ́n nílé yìí wọn kì í jẹ obì, wọn kì í mu tíì. Ìkọ́kọrẹ́ ni wọ́n gbé fún mi, ìyẹn iṣu ewùrà tí wọ́n rin tí wọ́n sì sè pọ̀ mọ́ epo àti ata. Ti inú ilé wọn kò ní edé, nítorí wọn kì í jẹ ohun inú omi tí kò bá ní ìpẹ́. Ó dùn gan-an. Màmá ń wo bí mo ṣe ń jẹ ẹ́, ó ní, "Ará Ọ̀yọ́, ẹ rọra. Kò ní sá lọ."

Tọ́lá ṣí aṣọ tí wọ́n fi bo ọkọ̀ náà lábẹ́ àtíbàbà. Àwọ̀ eérú ni. Inú rẹ̀ ń ta sánsán bí ìwé tuntun. Màmá ní, "Dádì kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹun nínú rẹ̀." Mo ya àwòrán gbogbo rẹ̀: aago ìwọ̀n eré, bẹ́líìtì àga, gíláàsì. Aago náà kò ní máìlì lójú bíi ti àwọn tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà tí mo mọ̀, kìlómítà nìkan ló wà níbẹ̀. Mo rí i. Mo sọ nínú ọkàn mi pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà mo gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí irin pẹlẹbẹ tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, mo kà á dé ìkẹwàá.

Mo kígbe bí ẹni tó rí owó he: "1! 2001 ni! Màmá, ọkọ̀ yìí ti lo ọdún mẹ́rin kí Dókítà tó rà á. Tòkunbọ̀ ni!"

Orí aládùúgbò wọn, Ìyá Déjì, yọ lókè ọgbà níbi tó ti ń sá aṣọ. "Háà! Ṣé tòkunbọ̀ ni Dókítà náà ń wà bíi tiwa? Pẹ̀lú gbogbo bó ṣe ń fọ̀ ọ́ yẹn?" Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà, mo rẹ́rìn-ín. Mo tún fi ìka hàn án.

Tọ́lá ní, "Màmi, ẹ jẹ́ ká wọlé."

Màmá kò kúrò. Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni pé ọkọ̀ náà ló ń bá sọ̀rọ̀: "Ọdún tó gbé e wálé ni mo fẹ́ padà sí ilé-ẹ̀kọ́. Ó ní kí n ní sùúrù, pé gbogbo owó ti wọ inú ọkọ̀ tuntun. Àwọn kan wá sọ fún mi pé ó ní obìnrin ní Ìjẹ̀bú-Òde. N kò gbà wọ́n gbọ́." Ó fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Níbo wá ni ìyókù owó náà lọ?"

Ó yẹ kí n mọ̀ nígbà náà pé ohun tí mo fọ́ kì í ṣe ohun kékeré. Ohun tí mo sọ ni pé, "Nọ́ńbà kì í parọ́, Màmá." Mo dúpẹ́ oúnjẹ, mo sì lọ. Kí n tó dé Ṣàgámù, mo ti fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa pé tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ tí Tọ́lá ń fi yangàn. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Ní Ṣàgámù, agbọ̀n obì tí wọ́n fi ewé bò tò lọ bí ìlà, àwọn Alhájà sì jókòó tì wọ́n, wọ́n ń ṣa obì funfun sọ́tọ̀. Láti ibẹ̀ ni mo ti wọ ọkọ̀ Ògijó. Ọ̀nà yẹn kò dára. Tírélà tò sójú kòtò ní Likósì, a lo ogójì ìṣẹ́jú lójú kan. Ní Ògijó, èéfín ilé-iṣẹ́ bo ojú ọ̀run, aṣọ funfun tí wọ́n sá ti di pupa rúsúrúsú.

Bàbá Káyọ̀dé ni mo ń lọ bá níbẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, mẹkáníìkì sì ni lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọkọ̀ náà ní tuntun l'Ékòó kó tó fẹ̀yìn tì. Mo fẹ́ gbọ́ ìtàn ayé àtijọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó kí mi káàbọ̀: "Wẹ́n ní ọ̀jọ̀gbọ́n mọ́tò ni ẹ́." 'Wẹ́n' ni àwọn àgbà Rẹ́mọ ń pe 'wọ́n'. Inú mi dùn. Mo gbé àwòrán mi jáde, mo sọ bí mo ṣe tú àṣírí olóògbé náà.

Bàbá gba fóònù, ó wò ó pẹ́. "Ta ló sọ fún ẹ pé ọdún ló wà ní ìkẹwàá?"

"Bẹ́ẹ̀ ló rí lára gbogbo wọn, Bàbá."

"Lára gbogbo tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà. Òfin tiwọn ló ní kí wọ́n kọ ọdún síbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń kó wá fún wa ní tuntun, òfin náà kò kàn án. Nọ́ńbà lásán ni 1 yẹn. Máìlì ló wà lójú aago rẹ̀ ni?"

"Kìlómítà ni, sà."

"O rí i?"

"Mo rí i."

"O sì rí i, o dákẹ́! Bẹ́líìtì rẹ̀ ńkọ́? O yẹ bébà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ wò?"

Mo ti ya àwòrán rẹ̀. Mo fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù. Oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe bẹ́líìtì náà wà níbẹ̀ gedegbe: oṣù kẹta, 2005. Ẹ̀rí náà ti wà nínú àpò mi láti àárọ̀.

Bàbá kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó dá fóònù padà. "Ìyàwó ọkùnrin náà wà níbẹ̀ nígbà tí o sọ ọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Kí lo wá jókòó ń ṣe níbí?"

Omi tí wọ́n gbé fún mi, n kò mu ún. Mo wọ ọkọ̀ padà sí Ìlíṣàn lójú ẹsẹ̀. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa mọ́tò, lára ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti lò tán ni mo ti kọ́ ọ. Nítorí n kò rí ọmọ Nàìjíríà tó ra tuntun rí, ó rọrùn fún mi láti gbà pé olóògbé parọ́ ju pé èmi ṣì í kà. Oòrùn ń lọ, mo sì mọ̀ pé bó bá wọ̀, Sábáàtì wọn ti bẹ̀rẹ̀, wọn kì í dúnàádúrà tàbí sọ ọ̀rọ̀ òwò mọ́. Mo ń kígbe sí ọlọ́kadà pé kó sáré. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ọlọ́pàá ń lé yín ni?"

Orin ìsìn ni mo bá lẹ́nu wọn. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà. Tọ́lá jáde wá. "Ẹ tún ti dé? Kí ló kù tí ẹ kò tíì kà?"

"Mo ṣì í kà ni. Mo lè dúró di àṣálẹ́ ọ̀la, kí Sábáàtì parí."

Ohùn Màmá ti inú ilé wá: "Ta ló sọ fún yín pé a kì í gbọ́ òótọ́ ní Sábáàtì? Jẹ́ kó wọlé."

Àwòrán Dókítà tí mo rí lára ògiri láàárọ̀ ti wà lórí tábìlì, wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé òfin Amẹ́ríkà. Màmá gbé ọwọ́ sókè.

"Tuntun ni, àbí tòkunbọ̀?"

"Tuntun ni, mà."

"Ṣé inú pálọ̀ ni ẹ ti pariwo láàárọ̀?"

"Rárá, mà."

"Ẹ jáde nígbà náà."

Mo dúró síbi tí mo dúró sí láàárọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń lọ sílé ìsìn ń kọjá níta pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́. Mo ní, "Tuntun ni Dókítà ra ọkọ̀ yìí."

Màmá ní, "Ìyá Déjì kò gbọ́."

Mo kígbe rẹ̀. "Tuntun ni Dókítà ra ọkọ̀ yìí! Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn!" Orí yọ lókè ọgbà. Àwọn tó ń kọjá dúró.

Màmá wọ awò ojú rẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó fa bẹ́líìtì jáde fúnra rẹ̀, ó sì ka bébà rẹ̀ lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì mi. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àga tí kì í ṣe ti awakọ̀.

"Wákàtí méje ni mo fi bá òkú jà lónìí," ló wí. "Mo sọ ohun tí n kò sọ sí i rí nígbà tó wà láyé. Ẹ ṣé tí ẹ padà wá. Ẹ fi wá sílẹ̀ báyìí, èmi àti òun." Ó ti ilẹ̀kùn.

Mo sùn ní ilé àlejò kan ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, mo sì kọ̀wé sí ẹgbẹ́ wa kí n tó jẹun, pé tuntun ni ọkọ̀ náà, èmi ni mo ṣì í kà. Nígbà tó ṣe, Tọ́lá kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "A ti rí i."

Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo wọ Ìsẹ́yìn. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà mi ni aládùúgbò mi, Sùlé, ti ń pè mí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀, ìyàwó rẹ̀ àti ọ̀pọ̀ ènìyàn sì yí i ká. "Ọ̀jọ̀gbọ́n! Ẹni tó tà á fún mi ní 2008 ni. Ẹ bá wa kà á sókè kí wọ́n gbọ́!"

Mo wo aago ìwọ̀n eré rẹ̀, máìlì ni. Mo fa bẹ́líìtì, mo kà á. Mo wo àmì ọdún tó wà lára gíláàsì. Mo wá ka nọ́ńbà náà dé ìkẹwàá, ó sì bá bẹ́líìtì mu: 2006. Mo pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, mo ní ọkọ̀ náà lẹ́wà. Lẹ́yìn náà mo di Sùlé lọ́wọ́ mú, mo mú un lọ sẹ́yìnkùlé, níbi tí ìyàwó rẹ̀ kò ti lè gbọ́, kí n tó la ẹnu mi.